Ìdílé Tí Bíyìí Yá Nítorí Ilé Ìjọba

"Kí oòrùn ọjọ́ Jímọ̀ tó wọ̀, láńlọ́ọ̀dù ni ẹ ó máa pè mí! Ẹni tó bá tún pè mí ní Bíyìí lásán, mi ò ní dá a lóhùn!"

Bíyìí ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ láàárín àgbàlá wa ní àdúgbò Lamisula. Ó gun orí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ fò. Akọ̀wé báǹkì ni, Abẹ́òkúta ni wọ́n ti gbé e wá sí Maiduguri. Yàrá kan ṣoṣo ló ní, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ gba odindi àdúgbò.

A ò lè bá a wí. Láti ìgbà tí Maiduguri ti di olú ìlú ìpínlẹ̀, tí yunifásítì tún wá dé tẹ̀ lé e, ẹni tó bá rí yàrá kan háyà, kó máa dúpẹ́. Àfi lọ́dún tí ìjọba àpapọ̀ jókòó ní Èkó, tí wọ́n ní gbogbo ìpínlẹ̀ pátá ni àwọn yóò kọ́ ilé sí fún mẹ̀kúnnù. A rò pé ọ̀rọ̀ rédíò ni. Ìgbà tó yá ni lọ́rí bẹ̀rẹ̀ sí í já búlọ́ọ̀kù sẹ́yìn àdúgbò Fori, níbi tí kò sí nǹkan kan tẹ́lẹ̀ ju iyanrìn àti ewúrẹ́. Kí a tó mọ̀, ilé ti tò lọ bẹẹrẹ, páànù wọn ń dán, títì gbòòrò láàárín wọn. Tọ́jọ́ Ìsinmi bá dé, àwọn èèyàn á gun kẹ̀kẹ́ lọ síbẹ̀, wọ́n á kàn dúró máa wò. Kí á má purọ́, ó wuni!

Ti Bíyìí ju ká máa wò lọ, ó ti kọ̀wé béèrè ọ̀kan. Bàbá Motúnráyọ̀, ọmọge tó fẹ́ fi ṣaya ní Abẹ́òkúta, ti sọ fún un kedere pé òun ò ní fa ọmọ òun lé ẹni tó ń gbé yàrá kan lọ́wọ́. Kò sí ilé, kò sí ìyàwó. Ibi tí ọ̀rọ̀ dúró sí nìyẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń pariwo lórí odó yìí náà ni ìròyìn dé. Ìjọba àpapọ̀ ní ẹni tó ní ìyàwó àti ọmọ nìkan ni kí wọ́n fún nílé. Wọ́n tiẹ̀ ti rán obìnrin kan wá láti Èkó, Ìyáàfin Adéjùmọ̀, pé kó máa wọ ilé àwọn tó ń béèrè, kó fojú ara rẹ̀ rí wọn. Ọ̀gá kan tó fi orúkọ dírébà rẹ̀ gba ilé mẹ́ta, obìnrin náà ti gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà kí ọ̀gá náà tó jí.

Bíyìí sọ̀ kalẹ̀ lórí odó. Ó jókòó lé e. Ó ń fi ìka ka àwọn ọmọ tó ń sáré ní àgbàlá, ẹ̀rù sì ba gbogbo wa.

Nígbà tó dìde, ẹnu ọ̀nà Àwẹ̀ró ló gbà lọ. Àwẹ̀ró àti Gàníyù ọkọ rẹ̀, tó ń wa ọkọ̀ láti tasha, ibùdókọ̀ ìlú, lọ sí Bíu, ni wọ́n múlé ti Bíyìí. Ọmọ márùn-ún ni wọ́n bí, yàrá kan náà ni gbogbo wọn sì ń sùn.

"Ìyá Jàáfárù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi lọ́mọ."

"Èwo níbẹ̀?"

"Gbogbo wọn."

Àwẹ̀ró wò ó tìtì. "Kí ni wọ́n máa jẹ?"

"Ìrẹsì, pẹ̀lú ẹran."

"Kó wọn lọ."

Kíkẹ́lọmọ, àgùnbánirọ̀ tó ń kọ́ni nílé ẹ̀kọ́ girama ìtòsí, ló gbà láti ṣe ìyàwó. "Ìyàwó ọjọ́ kan ni o, Búọ̀dá Bíyìí, mi ò dáná." Ó yíjú sí Àwẹ̀ró. "Ẹ̀yin gan-an ńkọ́, Màmá? Ẹ ò ṣe béèrè?"

Àwẹ̀ró bú sẹ́rìn-ín. "Àwa? Ta ló mọ̀ wá ní Èkó?"

Lọ́jọ́bọ̀, Ìyáàfin Adéjùmọ̀ wọlé, iyanrìn kún bàtà rẹ̀. Bíyìí ti to ìdílé rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò. Kíkẹ́lọmọ ò ráyè bọ́ ṣòkòtò kákí rẹ̀, ó kàn ró ìró lé e.

"Ẹ káàbọ̀, mà! Ìyàwó mi rèé. Àwọn ọmọ wa rèé."

Obìnrin náà wo Kíkẹ́lọmọ. Ó wo Jàáfárù, àkọ́bí, tó ti ga dé èjìká Kíkẹ́lọmọ. "Ẹ̀yin lẹ bí eléyìí?"

"Mo tètè bẹ̀rẹ̀ ni, mà."

Ìyáàfin Adéjùmọ̀ súnmọ́ ọmọ náà. "Ọkọ mi, bàbá rẹ dà?"

Ìgbà yẹn la tó rántí ohun tí gbogbo wa gbàgbé. Maiduguri ni wọ́n bí àwọn ọmọ yìí sí. Wọ́n ń gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Haúsá ló ń jáde lẹ́nu wọn.

"Babana yana tasha," ni Jàáfárù wí, pé bàbá òun wà ní tasha.

"Kí ló wí?"

Bíyìí rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó ní bàbá òun ló dúró yìí, mà, òun sì fẹ́ràn rẹ̀ ju oyin lọ."

"Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló sọ."

"Haúsá máa ń ki, mà. Díẹ̀ níbẹ̀ ti tó."

Àwẹ̀ró jókòó lẹ́bàá ògiri, ó ń ṣa ẹ̀wà bí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí. Ló bá gbàgbé ara rẹ̀: "Ẹ yọ ọwọ́ nímú!" Àwọn ọmọ márààrún sọ ọwọ́ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bíyìí náà sọ tirẹ̀ kalẹ̀.

"Ta nìyẹn?"

"Ará ilé wa ni, mà. Ó fẹ́ràn ìmọ́tótó."

"Ó dáa. Ẹ wọ ọkọ̀, ẹ jẹ́ ká lọ wo ilé. Kí oní-ìmọ́tótó náà máa bọ̀."

Bíyìí fẹ́rẹ̀ẹ́ fò gba orí ògiri. Àwa ará àgbàlá gun kẹ̀kẹ́ tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí a dé Fori, ó wọ ilé náà bí ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Pálọ̀ rèé, yàrá mẹ́ta rèé, ilé ìdáná rèé, òórùn ọ̀dà tuntun ń ta sánsán, afẹ́fẹ́ ń gba fèrèsé kan wọlé, ó ń gba èkejì jáde. "Ibí ni Motúnráyọ̀ máa gbé àga rẹ̀ sí," ó ń sọ ọ́ sínú. Ìyáàfin Adéjùmọ̀ yọ kọ́kọ́rọ́, ó nà án síwájú. Bíyìí na ọwọ́.

A ò gbọ́ ariwo àwọn ọmọ mọ́. A yọjú wo inú yàrá. Mùfúlíátù, àbíkẹ́yìn, ti dùbúlẹ̀ gbalaja lórí símẹ́ńtì. Ó ń ju ẹsẹ̀ sósì, ó ń jù ú sọ́tùn-ún, bí ẹni tó ń wá nǹkan. Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó fi Haúsá kígbe pé ẹsẹ̀ òun ò kan ẹnikẹ́ni! Àwọn yòókù náà dùbúlẹ̀, wọ́n na ara wọn tán, ilẹ̀ ṣì kù.

Bíyìí wo kọ́kọ́rọ́. Ó wo ọmọ. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà.

"Mà, àwọn ọmọ yìí kì í ṣe tèmi."

"Búọ̀dá Bíyìí!" Kíkẹ́lọmọ gbá a lẹ́yìn. "Nígbà tó kù díẹ̀!"

"Ìyàwó gan-an kì í ṣe tèmi."

"Ẹ ṣeun o," ni Kíkẹ́lọmọ wí.

"Àwẹ̀ró yìí ló bí wọn, Gàníyù ni bàbá wọn. Ẹ̀yìn ògiri mi ni wọ́n ń sùn sí, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ta ara wọn nípàá. Ẹ fún wọn nílé yìí, mà. Kí Motúnráyọ̀..." Ó yíjú sí ibi tí àga rẹ̀ ì bá wà. "Kí Motúnráyọ̀ ṣì ṣe sùúrù."

A ò mọ̀ pé irú ọkàn bẹ́ẹ̀ wà lábẹ́ irú ẹnu yẹn.

"Na sani," ni Ìyáàfin Adéjùmọ̀ wí, pé òun ti mọ̀. Haúsá tó dùn létí! "Kàdúná ni wọ́n bí mi sí. Láti àgbàlá yín ni mo ti mọ̀ pé bàbá ọmọ wà ní tasha."

Bíyìí fi ọwọ́ bo ojú. "Kí ló dé tí ẹ wá fẹ́ fún mi ní kọ́kọ́rọ́?"

"Ìwọ?" Obìnrin náà na ọwọ́ kọjá èjìká rẹ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ náà sọ́wọ́ Àwẹ̀ró tó dúró lẹ́yìn rẹ̀. "Ìwọ lo na ọwọ́. Òun ni mò ń fún látijọ́ yìí. Torí irú wọn ni wọ́n ṣe kọ́lé." Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín. "Ṣùgbọ́n mo rí ohun tí o ṣe."

Nígbà tó di ọjọ́ Sátidé, ọkọ̀ Gàníyù kó ẹrù wọn, gbogbo àgbàlá bá wọn lọ. Bíyìí ti gba yàrá tí wọ́n kó kúrò nínú rẹ̀ mọ́ tirẹ̀: yàrá méjì! Ó ti kọ̀wé sí bàbá Motúnráyọ̀. Ó gun orí fàráńdà ilé tuntun náà, ó ń yin ìjọba tó jókòó ní Èkó tó rántí ọmọ awakọ̀ ní Maiduguri. Ìyáàfin Adéjùmọ̀ ń nu omijé, Àwẹ̀ró ń jó, Kíkẹ́lọmọ ń pàtẹ́wọ́, àwa náà ń hó yèè.

Gàníyù, tí kò tíì la ẹnu láti àárọ̀, jáde láti ilé ìdáná pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì òfìfo lọ́wọ́.

"Ẹ̀rọ yẹn ò yọ omi," ó ní.