Kóńgò Fàrídà

"Bàbá Ikrimah, ẹ torí Ọlọ́run, ẹ ṣí ṣọ́ọ̀bù yẹn!"

Bùsàrí dúró nínú omi tó ti dé orúnkún rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lafiaji ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló sì dàgbà sí, ṣùgbọ́n kò rí irú èyí rí. Òjò kò dá láti ọjọ́ Àlàmísì. Ọ̀sà ti kún wọ ọjà Èbúté Èrò, ọkọ̀ tó ń kó oúnjẹ kò sì rọ́nà wọlé. Láàárọ̀ ni ẹnìkan wá ní wọ́n máa ti bíríìjì. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́, síbẹ̀ gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó ti tú síta. Lójú rẹ̀ ni obìnrin méjì ṣe fa àpò gàrí ya, tí gàrí dà sómi, tí wọ́n sì ń fọwọ́ kó o nínú ẹrẹ̀. Àwọn tó sunkún níbi ìsìnkú Fàrídà ìyàwó rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá ló ń fi ìgúnpá gún ara wọn yìí.

Ìrẹsì Fàrídà ló kù nínú ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀la ni fídáù rẹ̀, ìrẹsì náà ni wọ́n sì fẹ́ fi ṣe sàráà. Bùsàrí kàn wá kó o lọ sílé ni, àfi bí èrò ṣe rọ̀gbà yí i ká.

"Ó dáa," ó ní. "Màá ta díẹ̀ níbẹ̀. Iye tí Fàrídà ń tà á náà ni. Èmi ò ní torí òjò fowó lé e."

"Ọlọ́run á kẹ́ Ìyá Ikrimah! Olóòótọ́ ni!"

Hàlímọ̀, tí ìsọ̀ tirẹ̀ fara kan ti Fàrídà, yọjú. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fẹ́ ba ọjà jẹ́ fún wa ni?"

Bùsàrí ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé kóńgò ìyàwó rẹ̀ látorí àpò. Ọmọbìnrin kan tó pọn ọmọ ló wà níwájú, Yéwándé, tó ń ránṣọ ní òpópónà kejì. Òun náà gbé kóńgò dání.

"Ẹ má bínú, sà, ẹ bá mi fi tèmi wọ̀n ọ́n. Wọ́n ti rẹ́ mi jẹ láàárọ̀ yìí."

Ojú Bùsàrí le. Ní itẹ́ òkú, òun ló dìde sọ ọ́ fún gbogbo èèyàn pé ẹni tí Fàrídà bá jẹ ní nǹkan, kó wá bá òun. Ẹnikẹ́ni ò wá. Èyí nìkan ló ń tù ú nínú láti ọjọ́ náà.

"Kóńgò Fàrídà lò ń fura sí? Gbé tìẹ wá. Kí gbogbo ayé jọ wò ó."

Ó bu ìrẹsì kún kóńgò ìyàwó rẹ̀ títí ó fi ga lórí. Ó dà á sínú ti Yéwándé. Kò kún. Ó kù púpọ̀ kó tó dé ẹnu.

"Ẹ yí ti yín dojúdé, Bàbá," ọkùnrin kan sọ láti ẹ̀yìn.

Bùsàrí yí i. Wọ́n ti fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọnú, ó jìn bí àtẹ́lẹwọ́ tó ń bu omi. Ojú ibi tí òòlù ti bà á ti ń dán. Kì í ṣe iṣẹ́ àná.

"Ẹ̀hẹ̀!" ẹnìkan pariwo. "Ìyá Ikrimah olóòótọ́!"

Hàlímọ̀ sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Gbogbo wa la ń lù ú, ẹ̀gbọ́n. Ìyàwó yín kọ́ ló dá a sílẹ̀. Ẹ tilẹ̀kùn, ẹ jẹ́ ká lọ."

Bùsàrí wo kóńgò náà. Inú kóńgò yìí ni oúnjẹ ilé rẹ̀ ti ń wá. Inú rẹ̀ ni owó ilé ìwé Ikrimah ti jáde. Lọ́la ni ààfáà máa dìde, tí yóò pe Fàrídà ní olóòótọ́ obìnrin. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kó sọ ọ́.

Ó ju kóńgò náà sómi.

"Ọmọ mi, gbé àpò rẹ wá." Ó fi kóńgò Yéwándé bu ìrẹsì, ó tún bu òmíràn lé e. "Owó kóńgò kan ni màá gbà."

"Ẹ̀gbọ́n!" Hàlímọ̀ ké. "Kí lẹ fẹ́ fi ṣe sàráà lọ́la?"

"Òun la ń ṣe yìí." Ó kọjú sí Yéwándé. "Ṣé o foríji Fàrídà?"

Yéwándé tún ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀n. "Èmi ò rajà lọ́wọ́ wọn rí, sà. Àwọn tó ń rà á ni kẹ́ ẹ bi."

Bùsàrí gbójú sókè. Èrò tò nínú omi títí dé ẹnu ọjà, oníbàárà Fàrídà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ó yá kóńgò náà lọ́wọ́ Yéwándé. Ó bu ìrẹsì fún ìyá arúgbó tó kàn, ó bu òmíràn lé e, ó sì bi í bóyá ó foríji Fàrídà.