Igbà Tí Lucas Hun

Agbọ́n ló bá Ambrose lókè ọ̀pẹ. Kò rí ilé wọn lábẹ́ imọ̀. Bó ṣe gbé àdá sókè láti gé ìdì ẹyìn báyìí ni wọ́n tú jáde bò ó lójú, kó sì tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ojú rẹ̀ méjèèjì ti wú dí. Àdá jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá ṣe ohun tí akọ̀pẹ kì í ṣe: ó dì mọ́ igi gbágbáágbá.

Ẹni tí kò gun ọ̀pẹ rí lè rò pé ọgbọ́n ló gbọ́n. Ikú ló ń pè. Igbà, okùn tó yí akọ̀pẹ àti igi ká, kì í mú igi àfi bí ẹni tó wà nínú rẹ̀ bá fi gbogbo ara fẹ̀yìn tì í. Bó bá ti sún mọ́ igi, igbà á dẹ̀, á máa yọ̀ wálẹ̀, ẹsẹ̀ á sì tẹ̀lé e. Kí Ambrose tó hu irùngbọ̀n ló ti mọ èyí. Òun náà kúkú ni oníwàásù ìjọ aládùúrà wọn ní Ìjù-Odò, kò sì sí ọ̀rọ̀ tó dùn lẹ́nu rẹ̀ tó ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́. Ẹnu ṣáà ni.

"Bàbá Fẹ́mi, ẹ fẹ̀yìn tì í," ni Rose ìyàwó rẹ̀ ń wí nísàlẹ̀, níbi tó ti ń ṣa ẹyìn.

Kò lè fẹ̀yìn tì í. Lucas ló hun igbà náà.

Ọbàkan rẹ̀ ni Lucas, òun sì ni ẹ̀gbọ́n. Láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú ni wọ́n ti ń du oko ọ̀pẹ yìí gan-an, débi pé wọn kì í kí ara wọn bí wọ́n bá pàdé lọ́nà odò. Nígbà tí ogun abẹ́lé parí, Ìyá Helen, olórí ìjọ, ní kí oníkálukú parí ìjà tirẹ̀ náà. Lucas bá gbé igbà tuntun wá síwájú pẹpẹ, ó fi bẹ àbúrò rẹ̀. Ambrose gbà á, ó ní òun ti dárí jì í. Ó délé, ó fi í kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò sì fọwọ́ kàn án mọ́. Àárọ̀ òní ló rí i pé eku ti jẹ igbà tirẹ̀, ẹyìn sì ti ń jábọ́ lórí igi, ló bá mú ti Lucas láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ó ń rò ó wàyí. Òótọ́ ni pé ó gbé òun gòkè, àmọ́ bí okùn tó ti jẹra bá wà nínú rẹ̀ ńkọ́? Bí òun bá kú, ta ni yóò jogún oko? Ó gbàdúrà títí ètè rẹ̀ fi gbẹ. Ó sọ fún Ọlọ́run pé òun gbà Á gbọ́, kò sì purọ́. Àmọ́ kò gba Lucas gbọ́, okùn Lucas sì ni Ọlọ́run fi sẹ́yìn rẹ̀.

Rose ti sáré lọ kígbe láàárín ìlú. Òun àti àwọn aláṣọ funfun ìjọ wọn dé pẹ̀lú agogo, wọ́n ń kọrin, Ìyá Helen sì ń ké sí i pé kó nígbàgbọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Igbà náà yọ̀ wálẹ̀ díẹ̀, ó tún há. Apá rẹ̀ ti ń kú lọ.

Ohùn kan pè é, kò le, kò sì jìnnà. "Ambrose."

Inú bí i. Ó mọ̀ pé ohùn Lucas ni, ó sì rò pé ó wá wo òpin òun ni. "Níbo lẹ wà?"

"Abẹ́ rẹ gan-an ni mo dúró sí."

Kò sẹ́ni tí í dúró síbẹ̀. Bí akọ̀pẹ bá wà lókè, ewúrẹ́ pàápàá ni wọ́n ń lé kúrò nídìí ọ̀pẹ. Ambrose ní irọ́ ni, ó bi Rose léèrè. Rose ní òótọ́ ni, pé Lucas ti di igi mú, àwọn ènìyàn ń fà á, kò kúrò.

"Ẹ kúrò níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

"Èmi ni mo hun ún," ni Lucas wí. "Bó bá já, orí mi ni kó o bọ́ sí. Fẹ̀yìn tì í."

Ẹ̀rù tó ń ba Ambrose kò dín rárá. Síbẹ̀, ó tú ọwọ́ kan sílẹ̀. Ó tú èkejì, ó di etí igbà mú, ó sì fi gbogbo ara rẹ̀ fẹ̀yìn tì í.

Igbà dún kẹẹ. Ó mú igi.

Ó ń ti igbà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò ríran, ẹsẹ̀ ń wá ibi tí yóò tẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò kọrin mọ́. Nígbà tó ṣe, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kan ohun kan tó rọ̀, ó sì rò pé ilẹ̀ ni. Èjìká Lucas ni, ó sì ń gbọ̀n gidi.

"Ẹ̀rù ń bà yín?" ni Ambrose bi í.

"Ó ń bà mí, àbúrò mi," ni Lucas dáhùn. "Ṣáájú òní, kò sẹ́ni tó fi igbà yẹn gun ọ̀pẹ rí."