Yàrá Ìsàlẹ̀ Ilé-Ìwé

Tí ìdìbò bá ti ku oṣù kan, gbogbo èèyàn ìlú wa a di ọmọlúàbí. Ẹni tí kì í jẹ́ kíkí tẹ́lẹ̀ á máa juwọ́ sí ọ láti òdìkejì títì. Wọ́n á wá lẹ fọ́tò ara wọn mọ́ ògiri ilé-ìwé tí mò ń tọ́jú, èmi náà á sì fi omi gbígbóná àti ọ̀bẹ ha á kúrò, torí ògiri ilé-ìwé kì í ṣe pálọ̀ bàbá ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní mo lẹ́nu. Mo gbà. Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń gbálẹ̀ ibẹ̀, tí mò ń ṣí i láàárọ̀, tí mò ń tì í nírọ̀lẹ́, kọ́kọ́rọ́ mọ́kànlá sì ń dún nídìí mi bí mo bá ń rìn. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n ń pè mí. Ẹni tó bá ń gbá ilẹ̀ tí ẹgbẹ̀ta ọmọ ń tẹ̀ lójoojúmọ́, tí kò sì lẹ́nu, ẹ yáa wá dókítà fún un.

Èmi àti ìyá mi la jọ ń gbé. Bóyá òun ló ń gbé lọ́dọ̀ mi, bóyá èmi ni mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ó kù sọ́wọ́ ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nínú àwa méjèèjì. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ta sítáǹbù ní ilé ìfìwéránṣẹ́, ó sì ṣì mọ àdírẹ́sì àwọn tó ti kú pàápàá. Ojú rẹ̀ ń ríran, etí rẹ̀ ń gbọ́ ohun tí a ò fẹ́ kó gbọ́, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Orí ilẹ̀ tó tẹ́jú nìkan ló lè fi ọ̀pá rìn. Gbọ̀ngàn òkè ilé-ìwé wa ni wọ́n sì ti ń dìbò, ìgbésẹ̀ méjìdínlógún ló wà lórí àtẹ̀gùn rẹ̀.

Ìdìbò mẹ́ta gbáko ló ti kọjá tí kò rí i dì. Lọ́jọ́ ìdìbò, á wọ aṣọ tó dáa, á jókòó sẹ́nu fèrèsé, á máa wo àwọn tó ń lọ. Kò ní sọ nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ló máa ń dùn mí jù, torí ìyá mi kì í ṣe ẹni tó ń dákẹ́. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ó sọ ọ́ jáde. Ó ní, “Mo fẹ́ dìbò kan sí i kí n tó lọ. Ẹsẹ̀ ara mi ni mo sì fẹ́ fi rìn débẹ̀.”

Èèyàn méjì ló ń du ipò alága lọ́dún yẹn, Oníbúrẹ́dì àti Lọ́yà. Oníbúrẹ́dì ló kọ́kọ́ wá sílé wa, lọ́jọ́ Sátidé, pẹ̀lú ayafọ́tò kan àti ọkùnrin gìrìpá méjì.

“Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá,” ó wí. “Lọ́jọ́ náà, àwọn ọmọ yín wọ̀nyí á wá gbé yín dókè. Ẹsẹ̀ yín ò ní kanlẹ̀ rárá.”

Ayafọ́tò ti kúnlẹ̀, ó ti dijú kan. Ìyá mi wo àwọn gìrìpá náà látorí dé àtàǹpàkò.

“Ẹ ṣeun o. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi bá wọn wọn ẹrù ní ilé ìfìwéránṣẹ́, tí mo bá rí ẹrù, mo mọ̀ ọ́n. Ẹrù ni wọ́n ń gbé. Olùdìbò a máa rìn.”

“Màmá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe—”

“Kí ló dé tó fi jẹ́ òkè la ti ń dìbò?”

Oníbúrẹ́dì ní kí ayafọ́tò dìde. Èèyàn dáadáa ni, búrẹ́dì rẹ̀ ni gbogbo ìlú ń jẹ, ṣùgbọ́n kò ronú kan ọ̀rọ̀ yẹn rí. “Bí mo ṣe bá a nìyẹn, Màmá,” ó wí, ó sì kó àwọn èèyàn rẹ̀ lọ.

Lọ́yà dé lọ́jọ́ Ajé. Ìwé ni òun gbé wá ní tiẹ̀. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé tóun bá wọlé, òun á ṣe ẹ̀rọ agbéniròkè sí ilé-ìwé náà, èèyàn á kàn tẹ bọ́tìnnì ni.

“Tẹ́ ẹ bá wọlé?” ìyá mi bi í.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Kíá ni.”

“Ẹ̀yin á ti wọlé, èmi á ṣì wà níta.” Ó dá ìwé náà padà fún un. “Wọ́n ní ẹrù amúkùn-ún wọ́, ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Ẹ kú iṣẹ́ o, Lọ́yà.”

Bí ó ti lọ ni inú bí mi. Mo ní n óò lọ bá àwọn elétò ìdìbò ní ọ́fíìsì wọn, n óò sì sọ ojú abẹ níkòó. Ìyá mi ní kí n jẹun ná. Mi ò jẹ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tí àwọn ọmọ ilé-ìwé lọ tán, mo gba ọ́fíìsì wọn lọ, yàrá kótópó kan lẹ́yìn ilé ìkàwé. Ọmọbìnrin kan báyìí ló wà níbẹ̀, gíláàsì ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò. Mo da gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ fún un: àtẹ̀gùn, orúnkún, ìdìbò mẹ́ta, àti irú èèyàn burúkú tó máa ń jókòó sí ọ́fíìsì kó máa rán arúgbó lọ sókè. Onígíláàsì kò jà. Ó ń gbọ́.

“Ẹ jókòó, mà.”

“Mi ò jókòó.”

“Ẹ jẹ́ kí n wá ìwé rẹ̀ ná, mà. Ohun gbogbo ló ní ìdí.”

Ó fa fáìlì kan yọ lókè kọ́bọ́ọ̀dù. Mo rí eruku orí rẹ̀, mo sì bú olùgbálẹ̀ wọn nínú ọkàn mi. Ó ń ṣí ewé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń dìbò tẹ́lẹ̀ lóòótọ́. Ó wá kà á síta: “A bi ẹni tó ń tọ́jú ilé náà léèrè. Ó ní omi máa ń wọ yàrá ìsàlẹ̀, pé kò ṣeé lò.” Ó gbójú sókè. “Ta ló ń tọ́jú ibẹ̀ nígbà yẹn, mà?”

Mo jókòó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Omi wọ yàrá yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lọ́dún tí òjò pọ̀, kò tó kókósẹ̀, mo sì nù ún tán kí tíì mi tó tutù. Ṣùgbọ́n yàrá ìsinmi mi nìyẹn. Mo ní àga kan níbẹ̀, mo ní kẹ́tùlù, ibẹ̀ ni mo ti ń na ẹsẹ̀ mi láti aago méjì sí aago mẹ́ta. Tí ìdìbò bá dé, wọ́n á ti ẹrù mi sí kọ̀rọ̀, wọ́n á fi bàtà ẹlẹ́rẹ̀ tẹ gbogbo ilẹ̀, ọjọ́ méjì ni n óò fi fọ̀ ọ́. Nígbà tí ọkùnrin kan tó gbé fáìlì dání wá bi mí lẹ́nu ọ̀nà bóyá yàrá náà dára, mo ní omi máa ń wọ̀ ọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú mo ti gbàgbé. Ìyá mi ṣì ń sáré gun àtẹ̀gùn nígbà yẹn. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló kúkú wà, èmi sì ń fi igi na gbogbo oko kiri.

Onígíláàsì kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fún mi ní fọ́ọ̀mù kan. Ó ní kí ọgbọ̀n èèyàn tó ní káàdì ìdìbò fọwọ́ sí i, kí ọ̀gá ilé-ìwé fọwọ́ sí i, kí yàrá náà sì ṣófo kí òun lè wá yẹ̀ ẹ́ wò. “Aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, mà. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ìdìbò tó ń bọ̀.”

Mo gba ọ̀nà jíjìn lọ sílé. Ojú ń tì mí débi pé mi ò kí ẹnikẹ́ni, àwọn tí mi ò kí sì rò pé mò ń bínú sí wọn. Ìyá mi ń ká aṣọ nígbà tí mo wọlé. Mo dúró, mo sọ gbogbo rẹ̀, mi ò yọ àga àti kẹ́tùlù sílẹ̀. Ó ká aṣọ kan tán, ó gbé e lé òmíràn.

“Ìdìbò mẹ́ta,” ó wí.

Mo bú sẹ́kún. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, mò ń sunkún bí ọmọ tó fọ́ àwo. Mo ní, “Ẹ má bínú, Màmá.”

“Mò ń bínú. N óò bínú títí di ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn náà a óò wò ó.” Ó nawọ́ mú aṣọ mìíràn. “Ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ yàrá ọ̀hún wà?”

“Ọwọ́ mi ni.”

“Kí lo wá ń wá níhìn-ín?”

Báyìí ni èmi náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kánpéènì. Àwọn olóṣèlú ń fi ọkọ̀ àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn kiri, èmi ń fi ẹsẹ̀ kiri pẹ̀lú fọ́ọ̀mù. Ọ̀dọ̀ aránṣọ ìtòsí wa ni mo kọ́kọ́ yà. Ó bi mí pé, “Ẹgbẹ́ wo lẹ wá ń ṣe báyìí, Ìyá Kọ́kọ́rọ́?” Mo ní Ẹgbẹ́ Ìsàlẹ̀. Mo sọ irọ́ tí mo pa fún un, torí mo ti pinnu pé ẹni tí mo bá fẹ́ kó fọwọ́ sí i gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó da omi síbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó di ẹ̀rọ rẹ̀ mú kó má bàa ṣubú. Nígbà tó yá, ẹ̀rín náà lọ.

“Bàbá mi ò dìbò mọ́,” ó wí. “Wọ́n ní ọ̀rọ̀ òṣèlú ti sú àwọn. Mo sì gbà bẹ́ẹ̀.”

Ohun tí mò ń bá pàdé nílé dé ilé nìyẹn. Bàbá kan tí mímí máa ń ṣòro fún ní òṣèlú ò ṣe é jẹ. Ìyàwó dírẹ́bà, tí ìbàdí rẹ̀ fọ́ lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, ní olè ni gbogbo wọn. Tí mo bá ti wá ní ìsàlẹ̀ ni o, wọ́n á ní kí n mú bírò wá. Àtẹ̀gùn ló ti ń sú wọn látọjọ́ yìí, wọn ò kàn lè sọ ọ́. Ẹnì kan wà, káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì, tó dá mi dúró sẹ́nu ọ̀nà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tó sọ irú ẹni tí mo jẹ́ fún mi lẹ́sẹẹsẹ kó tó fọwọ́ sí i. Mi ò fèsì. Ẹ mọ̀ pé ìyẹn nira fún mi. Nígbà tó fi di alẹ́ Ọjọ́bọ̀, mo ti ní èèyàn mọ́kànlélógójì.

Ọ̀gá ilé-ìwé ló kù. Àga tó ti dá, tí kò dín ní ọgọ́ta, ló kó kún yàrá náà láti bí ọdún mẹ́ta, tó fi jẹ́ pé kọ̀rọ̀ kan péré ló kù fún èmi àti kẹ́tùlù mi. Ó ní, “Ibo la máa wá kó wọn sí?”

“Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ sókè, sà. Àwọn ò ní orúnkún.”

Ó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù náà, ó ní tí mo bá lè kó wọn, òun ò ní wí nǹkan kan.

Ìdájí ọjọ́ Ẹtì ni mo bẹ̀rẹ̀. Mo ti kó mẹ́fà nígbà tí Oníbúrẹ́dì yọ lẹ́nu ọ̀nà, ìyẹ̀fun dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Kò sí ayafọ́tò kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní aránṣọ ló sọ fún òun nígbà tó wá ra búrẹ́dì. “Màmá bi mí ní ìbéèrè, mi ò rí èsì fún un,” ó wí, ó sì gbé àga méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́yà dé ní aago mẹ́jọ, pẹ̀lú táì lọ́rùn. Ó gbé ẹyọ kan, ó di ìbàdí mú, ó jókòó lé e lórí. Ó ní kí n jẹ́ kóun ka fọ́ọ̀mù náà, ó kéré tán. Òun ló rí i pé ọ̀gá ilé-ìwé ti fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n kò lu òǹtẹ̀. Ọ̀gá sì ti ní òun ń rìnrìn-àjò ní aago mẹ́sàn-án. Mo sáré. Mo bá a tó ń so bẹ́líìtì ọkọ̀ rẹ̀, mo dúró síwájú ọkọ̀ náà títí ó fi padà wọlé lọ mú òǹtẹ̀ wá.

Onígíláàsì dé ní aago mọ́kànlá kọjá. Ó fi téèpù wọn ẹnu ọ̀nà, ó wo orígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ní, “Omi yìí ńkọ́, mà?”

“Ẹ̀ẹ̀kan péré ló wọ ibí. Mo ti purọ́ nípa rẹ̀ rí, mi ò tún ní purọ́ mọ́.”

Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i.

Lọ́jọ́ ìdìbò, ìyá mi wọ aṣọ rẹ̀ tó dáa, ṣùgbọ́n kò lọ sẹ́nu fèrèsé. Láti ilé wa sí ilé-ìwé kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ fún ẹlòmíràn. Ogójì ìṣẹ́jú la lò. Mò ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú ọwọ́ mi méjèèjì ní nínà, ó sì ní kí n yéé tọ òun lẹ́yìn bí ọlọ́pàá. Nígbà tá a débẹ̀, bàbá aránṣọ wà lórí ìlà, ìyàwó dírẹ́bà wà níbẹ̀, àti àwọn àgbà mìíràn tí mi ò rí níta láti ọjọ́ pípẹ́, tí wọ́n ń bi ara wọn léèrè ọmọ àti ẹsẹ̀. Oníbúrẹ́dì àti Lọ́yà dúró lẹ́nu géètì, wọ́n kí ìyá mi. Ìdáhùn kan náà ló fún àwọn méjèèjì, mi ò sì tíì mọ ẹni tó dìbò fún títí dòní.

Ó dé iwájú tábìlì. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà níbẹ̀ ṣí ìwé orúkọ àwọn olùdìbò, ó fi rúlà wá orúkọ rẹ̀. Àyè kéékèèké wà níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan fún ìdìbò kọ̀ọ̀kan. Níwájú ti ìyá mi, mẹ́ta tó tẹ̀léra ló ṣófo. Mo rí i. Ìyá mi náà rí i.

“Ẹ ò wá láti ọjọ́ yìí, Màmá,” ọ̀dọ́mọkùnrin náà wí. Kò ní nǹkan burúkú lọ́kàn. “Kí ló ṣẹlẹ̀?”

Mo wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, gbogbo ìlà ló ń gbọ́, mo sì ti múra tán láti sọ ọ́ fúnra mi. Ìyá mi kò bojú wẹ̀yìn.

“Mo wà lọ́nà,” ó wí. “Mò ń bọ̀.”

Ó gba ìwé ìdìbò rẹ̀, ó fi ọ̀pá rẹ̀ tilẹ̀ lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀, ó sì wọ ẹ̀yìn aṣọ ìkélé lọ ní òun nìkan.