Ẹni Tí Yóò Máa Kọ Ọ̀rọ̀ Ìrọ̀rí

Ọmọ ìyá méjì ló dá ṣọ́ọ̀bù ìrọ̀rí náà sílẹ̀. Àbúrò ló ń gé aṣọ, tó ń ki òwú, tó ń rán ẹnu rẹ̀ pa, ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Onírọ̀rí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò mọ abẹ́rẹ́ dì mú, ọ̀rọ̀ ni tirẹ̀. Òun ló ń kọ ìwé pélébé tí wọ́n ń rán mọ́ igun ìrọ̀rí, òun ló ń kọ pátákó ẹnu ọ̀nà. Alákọ̀wé ni wọ́n ń pè é. Lọ́jọ́ kan ó kọ ọ́ sára pátákó pé, "Ìrọ̀rí wa ń gbọ́ àṣírí, kì í tú u." Àwọn tó ń kọjá kà á, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì wọlé.

Oṣù keje rèé tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá Alákọ̀wé dùbúlẹ̀ sí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Apá ọ̀tún rẹ̀ kú, ahọ́n wúwo lẹ́nu rẹ̀. "Ẹn" nìkan ló kù tó lè sọ. Onírọ̀rí gbìyànjú láti máa kọ ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. "Ìrọ̀rí wà níbí. Ó dára." Ohun tó kọ nìyẹn, òun náà sì mọ̀ pé kò níyọ̀. Ìrọ̀rí ń ga sí i lórí pẹpẹ, eruku ń bà lé e, àwọn èèyàn ń kọjá lọ.

Bàbá atẹ̀wé tó ń bá wọn tẹ ìwé pélébé ló là á lójú. Ó jókòó lórí àpò òwú, ó ní, "Àwọn kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa kọ ọ̀rọ̀ tó ń tajà. Wá ọ̀kan."

"Ta ló fẹ́ kọ ọ́ bíi ti ẹ̀gbọ́n mi?"

"Kò sí. Ṣùgbọ́n omi ló dànù, agbè ò fọ́. Má kàn ṣàdédé mú èèyàn wọlé o. Kó gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ ti kọ jọ, kí ẹni náà lè mọ bí ṣọ́ọ̀bù yín ṣe ń sọ̀rọ̀. Kọ irú ẹni tó ń ra ìrọ̀rí yín sílẹ̀, àti ìdí tó fi ń rà á. Lẹ́yìn náà, kí àwọn tó bá fẹ́ iṣẹ́ náà kọ díẹ̀ wá, kó o wò ó."

Odindi òwúrọ̀ kan ni Onírọ̀rí fi jẹ ìdí bírò. Ta ló ń ra ìrọ̀rí wa? "Gbogbo èèyàn" nìkan ló rí kọ. Ló bá lọ tú àpótí ìwé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ti rò pé ìwé pélébé nìkan ló wà níbẹ̀, àṣé Alákọ̀wé ti ń kọ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn oníbàárà sílẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ó kọ ọ́ pé awakọ̀ kan ní ọrùn ń dun òun, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ni kò sùn. Ó kọ ọ́ pé obìnrin kan sọ pé láti ìgbà tí ọkọ òun ti kú, ẹ̀gbẹ́ kan bẹ́ẹ̀dì lòun ń sùn sí. Lábẹ́ èyí ló kọ ọ̀rọ̀ ìrọ̀rí gígùn sí: "Àyè tí ẹnìkan fi sílẹ̀, èyí gùn tó o."

Onírọ̀rí rántí obìnrin náà. Ojú òun gan-an ló ṣe ra ìrọ̀rí ọ̀hún. Àwọ̀ aṣọ tó yàn nìkan ló rántí.

Nígbà tó kéde pé òun ń wá ẹni tí yóò máa kọ̀wé, èèyàn mẹ́ta ló fẹ́ iṣẹ́ náà. Ẹni àkọ́kọ́ kọ ọ́ pé ìrọ̀rí wọn ló dára jù láyé àti lọ́run. "Ta ló lọ sọ́run lọ wò ó?" Onírọ̀rí bi ara rẹ̀. Ti ẹnì kejì gùn bí ìwàásù. Ọmọbìnrin kan ni ẹni kẹta. Òun wá fúnra rẹ̀, ó gbé orí lé ìrọ̀rí kan, ó dijú. Ó béèrè pé, "Mà, ta lẹ máa ń rò tẹ́ ẹ bá ń rán an?" Nígbà tó yá ló kọ ọ́ pé, "Gbé orí lé e. Ó dọ̀la." Onírọ̀rí ní kó wá lọ́jọ́ Ajé.

Ó ku ohun kan. Kò tíì sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó kó ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ yàrá lọ. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú sí mi. Ṣọ́ọ̀bù ti fẹ́ kú. Mo fẹ́ gba ẹni tí yóò máa kọ̀wé fún wa."

Alákọ̀wé wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó ti ọwọ́ òsì bọ abẹ́ aṣọ ìbora, ó fa ìwé kékeré kan yọ. Lẹ́tà ló kún inú rẹ̀, ó rí wọ́gọwọ̀gọ bíi tọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ìwé. Nígbà tó fi máa dé ojú ewé ìkẹyìn, àwọn lẹ́tà náà ti ń nàró. Ìdajì ọ̀rọ̀ kan ló wà níbẹ̀: "Ìrọ̀rí yìí mọ". Kò parí rẹ̀.

Onírọ̀rí gba ìwé náà. "Láti ìgbà wo?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ na ìka mẹ́rin sókè. Oṣù mẹ́rin.

"Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá dúró."

Bó ṣe sọ ọ́ tán ló mọ̀ pé irọ́ ni. Oṣù mẹ́rin fún ìdajì ọ̀rọ̀. Alákọ̀wé náà mọ̀. Òun ló kọ́kọ́ na ọwọ́ sí ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó fa igi la ti ẹni àkọ́kọ́, ó fa igi la ti ẹnì kejì. Ó di ẹ̀kẹta mú, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fi lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹn," ló wí. Ó wá yí ojú sí ògiri.

Nígbà tí ọmọbìnrin náà dé lọ́jọ́ Ajé, Onírọ̀rí kó gbogbo ìwé tó ti ṣà jọ fún un. Ó ń kà á lọ jẹ́ẹ́jẹ́ títí tó fi dé ibi ọ̀rọ̀ obìnrin tó ń sùn sí ẹ̀gbẹ́ kan bẹ́ẹ̀dì. Ó gbójú sókè.

"Ta ló kọ èyí, mà?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni. Wọ́n wà nínú yàrá."

"Ṣé mo lè kí wọn?"

Onírọ̀rí wọlé lọ wò ó. Alákọ̀wé dijú, ṣùgbọ́n èémí rẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tó sùn. Ẹní kan náà ni wọ́n jọ sùn lé dàgbà, kò lè ṣì í mọ̀. Ẹni tó sùn là ń jí, a kì í jí apirọrọ. Ó tún aṣọ ìbora ṣe lé e léjìká, ó jáde.

"Wọ́n ń sùn," ló wí. "Ó di ọjọ́ mìíràn."

Ó palẹ̀ òwú mọ́ kúrò lórí tábìlì kí ọmọbìnrin náà lè ríbi kọ̀wé, òun náà sì padà sídìí abẹ́rẹ́. Ìránṣọ ọjọ́ náà kò gún. Ẹ̀ẹ̀mejì ló tú u.