Ìwé Tí Ìyá Alágbàfọ̀ Gbé Kiri Ilé Ìwòsàn

Kò sí ẹnì kan tó bi Ìyá Alágbàfọ̀ bóyá ó mọ̀wé kà. Dókítà ò bi í, nọ́ọ̀sì ò bi í, ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀ ò sì rántí. Òun alára, tí ọ̀rọ̀ kàn jù, kò rántí bi ara rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ni gbogbo wọn dojú kọ lọ́jọ́ náà, torí gògóńgò ọkọ rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ yọ.

OníGbàǹjo ni gbogbo ayé ń pe ọkùnrin yìí. Ogójì ọdún ló fi dúró lórí àpótí, tó ń polówó àga, ibùsùn àti ẹrù àwọn tó ti kú fún ẹni tó bá lè dá iye tó ga jù. Bó bá sọ̀rọ̀ níwájú ilé, ará ẹ̀yìnkùlé á dáhùn. Bó ń jẹun, ó ń sọ̀rọ̀; bó ń wẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀. Ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ pé ó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun pẹ̀lú, àti pé ti ojú oorun yẹn ló mọ́gbọ́n dání jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbogbo.

Ó ti tó ọdún márùn-ún tí ara ọkùnrin náà ti ń yọnu. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló kọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ sí i lójú, lẹ́yìn èyí ni ti ibi ìtọ̀, tó fi sùn sílé ìwòsàn fún ọjọ́ mọ́kànlá. Gbogbo rẹ̀ ni Ìyá Alágbàfọ̀ bá a fara dà. Á lọ aṣọ àwọn oníbàárà láàárọ̀, á gbé oúnjẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́sàn-án, á padà wá lọ aṣọ tó kù. Ìgbàkígbà tí ọkọ bá sì padà wálé, á fi bí wọ́n ṣe gún un lábẹ́rẹ́ ṣe ẹ̀fẹ̀ títí àwọn aládùúgbò á fi di ikùn mú. Nígbà tí ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í há, ó ní òtútù ni. Òtútù náà lo oṣù mẹ́ta. Dókítà tan iná wo ọ̀fun rẹ̀, ó sì dárúkọ àìsàn tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ gbọ́. Ó ní jẹjẹrẹ ni.

"Bí a bá yọ ọ́, bàbá, ẹ̀mí yín á wà, àmọ́ ohùn yín á lọ," ni dókítà wí. "Ihò kékeré kan tí a máa ṣe síbí lẹ óò ti máa mí." Ó fi ìka kan ọrùn ara rẹ̀. "Ṣé ẹ mọ̀wé kọ?"

Ọmọ wọn obìnrin, tó jẹ́ olùkọ́, ló bá bàbá rẹ̀ dáhùn. "Bàbá mi kẹ̀? Ẹ ò tíì rí ọwọ́ ìwé wọn ni, dókítà. Wọ́n ń fi tiwa ṣe yẹ̀yẹ́."

"Ìyẹn dára gan-an. Ẹ ò ní níṣòro nígbà náà, ẹ óò kàn máa kọ ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ."

Ara tu gbogbo wọn. Ìyá Alágbàfọ̀ náà mi orí, ó ní Ọlọ́run ṣeun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Obìnrin yìí ò mọ A, kò mọ B. Òwú aláwọ̀ oríṣiríṣi ló fi ń sàmì sí ọrùn aṣọ àwọn oníbàárà rẹ̀, kò sì gbé aṣọ ẹlòmíràn fún ẹlòmíràn rí. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, ọkọ rẹ̀ ra síléètì fún un. Ó kọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n jà fún ọjọ́ mẹ́rin. Ìyàwó bá ti síléètì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Ṣebí ẹ̀yin mọ̀ ọ́n kà? Ẹ máa kà á fún mi." Ọdún mẹ́tàlélógójì ló fi ń kà á fún un. Ó ń ka lẹ́tà, ó ń ka ara ìgò oògùn, ó ń ka ìwé ìròyìn, ó sì ń fi irọ́ kún un kó lè dùn. Ìyàwó mọ ibi tí irọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ohùn ọkọ rẹ̀ máa ń lọ sókè. Kò sọ fún un rí pé òun mọ̀. Gbogbo ohun tí ìwé bá ní í bá a sọ láyé yìí, ẹnu ọkùnrin yẹn ló ti gbọ́ ọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ, ìyàwó jókòó ti ọkọ rẹ̀, ó ń retí pé kó sọ nǹkan. Kò mọ ohun tó fẹ́ gbọ́ gan-an. Ó ṣáà mọ̀ pé ohùn yẹn ò ní ju ọ̀sán ọjọ́ kan lọ mọ́, ó sì fẹ́ kí ọkọ òun fi díẹ̀ nínú rẹ̀ sílẹ̀ fún òun. Àmọ́ OníGbàǹjo ti dìde jókòó lórí ibùsùn, ó ń ta ohùn ara rẹ̀ fún gbogbo wọ́ọ̀dù.

"Ohùn àgbà kan rèé o! Ó ti há díẹ̀, òótọ́ ni, mi ò ní purọ́ fún yín. Àmọ́ ó ti jí òkú oníbàárà dìde rí! Ta ló máa gbà á?"

Ọkùnrin tó kán lápá, tó wà lórí ibùsùn kejì, ní òun á fi ọsàn kan gbà á. Ẹnì kan ní òun á fi ọsàn méjì gbà á, bí wọ́n bá lè bá òun bó o. Nọ́ọ̀sì ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá Alágbàfọ̀ náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ inú ń bí i. Ó wù ú kó fọwọ́ bò ó lẹ́nu. Nígbà tí aago tí àlejò gbọ́dọ̀ lọ pé, tó dìde, ọkọ rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Arẹwà, má gbàgbé bàtà ilé mi lọ́la o." Ohun tó fi ohùn rẹ̀ sọ fún un kẹ́yìn nìyẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kó tó dé, wọ́n ti gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ.

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Ohun tí dókítà sọ nìyẹn, ó sì yẹ ká gbà á gbọ́. Nígbà tí OníGbàǹjo lajú dáadáa, rọ́bà wà nímú rẹ̀, ihò wà lọ́rùn rẹ̀, èémí ń ti ibẹ̀ jáde pẹ̀lú ìró kan tí ìyàwó rẹ̀ ò lè fetí sí. Wọ́n kó ìwé àti pẹ́ńsù lé e láyà. Ó yára mú un, ó kọ ọ̀rọ̀ méjì, ó sì fi lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ bí ẹni tó fún un lẹ́bùn.

Ìyá Alágbàfọ̀ wo ìwé. Ó yí i, ó tún yí i. Ó gbójú sókè, ojú wọ́n ṣe mẹ́rin. Ó rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wọ ọkọ rẹ̀ lára, tí ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn méjèèjì, àgbà tó ti gbé pọ̀ láti ìgbà èwe, wọ́n gbàgbé pé ìyàwó ò mọ̀wé kà.

Ọjọ́ méjì ni ọmọ wọn fi bá wọn kà á. Àmọ́ bí bàbá bá kọ ìwé kún ojú kan, ọmọ á wò ó wìrì, á ní, "Wọ́n ní ara àwọn yá díẹ̀." Ṣé gbogbo rẹ̀ náà nìyẹn? Ìyá mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ojú tì í láti sọ pé kó kà á tán.

Lọ́jọ́ kẹrin, ọmọ padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ní òun á dé ní aago márùn-ún. Aago kan kọjá díẹ̀ nígbà tí OníGbàǹjo jí lójijì. Ojú rẹ̀ ń yí kiri. Ó nawọ́ sí ìwé, ó kọ ọ́ wúruwùru, ó sì tì í sí ìyàwó rẹ̀.

"Kí ni, Bàbá? Ṣé ó ń dùn yín?" Ó mi orí pé rárá. "Ṣé ìtọ̀ ni? Ṣé òtútù ń mú yín?" Rárá, rárá. Ó fi ìka gún ìwé náà. Ìyá Alágbàfọ̀ ní, "Ẹ dúró, mò ń bọ̀, mo fẹ́ wá ẹni tó máa kà á." Bó ṣe dìde, ọkọ rẹ̀ gbá ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì fún un pinpin. Obìnrin náà rò pé ó ní kóun yára ni. Ó já ọwọ́ rẹ̀ gbà, ó sáré jáde.

Nọ́ọ̀sì ń fa omi sí ẹnì kan lára. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀." Ọkùnrin tó kán lápá ò mú awò ojú rẹ̀ wá, ó na ìwé jìnnà sójú, ó ní bí ẹni pé òun rí "má" níbẹ̀. Má kí ni? Kò mọ̀. Obìnrin tó ń nu ilẹ̀ wolẹ̀, ó ní, "Èmi náà ò mọ̀wé kà, ìyá mi. Ẹ má bínú." Ẹnìkan ní kó lọ sí ojú fèrèsé tí wọ́n ti ń gba káàdì, nísàlẹ̀. Ìyá Alágbàfọ̀ rọra ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún, ó to sórí ìlà, ó ń bẹ àwọn tó wà níwájú pé ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni. Bí ọkọ òun bá kú sórí ibùsùn, ìwé ọwọ́ òun yìí ló máa pa á. Ohun tó ń rò nìyẹn.

Akọ̀wé obìnrin tó wà lójú fèrèsé gba ìwé náà. Ó kà á sínú.

"Kí ló wí, ọmọ mi? Ṣé dókítà ni kí n pè?"

"Màmá, ibo ni ẹni tó kọ ọ́ wà?"

"Ó wà lókè. Ẹ kà á fún mi!"

Akọ̀wé rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí àwọn tó wà lórí ìlà má baà gbọ́. "Ó ní: 'Arẹwà, má lọ. Ẹ̀rù ń bà mí. Jókòó tì mí.'"

Ìyá Alágbàfọ̀ di igi fèrèsé mú. Látìgbà tó ti mọ ọkùnrin yìí, kò sọ ọ́ rí pé ẹ̀rù ń ba òun. Ọjọ́ tó wá sọ ọ́, ìyàwó rẹ̀ gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ó sì ń fi ìwé náà han gbogbo ilé ìwòsàn. Ó gun àtẹ̀gùn náà padà, ó ń sunkún gbangba, kò bìkítà ẹni tó ń wò ó.

OníGbàǹjo ti kọjú sí ògiri. Ìyàwó rẹ̀ fọwọ́ kan án léjìká, ó jókòó, ó ní, "Mo ti dé. Mi ò lọ síbì kankan mọ́." Ó pẹ́ kí ọkọ rẹ̀ tó yíjú padà. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó mú pẹ́ńsù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Ó kọ ọ́ kún ojú ìwé kan, ó yí i, ó kọ sẹ́yìn rẹ̀, ó wá gbé e lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń wò ó lójú.

Ìyá Alágbàfọ̀ tẹjú mọ́ ọn. Ó lè jẹ́ pé ó ń bú u. Ó lè jẹ́ pé ohun tí kò sọ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ló wá sọ. Ó lè jẹ́ pé ara ló ń dùn ún gidi báyìí. Ó pe nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì dáhùn lókèèrè pé òun ń bọ̀, kò sì wá. Ọkọ rẹ̀ tún fi ìka tọ́ ìlà tó gbẹ̀yìn, lẹ́ẹ̀mejì.

"Mo rí i, Bàbá," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Mo rí i."

Kò rí nǹkan kan. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó gbé ìwé náà sórí itan, kò sì dìde. Aago méjì ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ni, aago márùn-ún sì ni ọmọ wọn máa dé.