Ọjọ́ tí Ìpara Kò Yí Ohùn Padà

Ṣálà-ṣálà, ṣálà-ṣálà. Ohùn ṣíbí igi nínú ìkòkò ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nìyẹn, nígbà tí òróró àti omi bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé. Yóò máa ro ó, ọwọ́ rẹ̀ kì í sinmi, kì í sì í sáré. Bó bá ṣe díẹ̀, ohùn náà á wúwo: pọ̀tọ̀, pọ̀tọ̀, pọ̀tọ̀. Á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ó ti yí ohùn padà. Ìpara ti dé." Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti kúrò nílé, ṣùgbọ́n bí mo bá ń ro ṣúgà nínú tíì, etí mi ṣì máa ń dúró de pọ̀tọ̀ yẹn.

Yàrá ẹ̀yìn ilé la ti ń ṣe ìpara: tábìlì kan, sítóòfù méjì, òṣùwọ̀n kékeré, àti fèrèsé tí kì í ṣí tán. Èmi ń wọn nǹkan, ẹ̀gbọ́n mi ń ro ó. Ẹnì kẹta wa ni Oníìda, ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi láti ilé ìwé, tí wọ́n jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà. Òun ló ń ta ìda funfun wẹ́wẹ́ tí ń mú òróró àti omi gbé pọ̀. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Ọjọ́ tí mo bi í pé kí ni ìda yìí ń ṣe gan-an, ó wò mí tìkà-tẹ̀gbin.

"Ìwọ Kánjúkánjú, ṣé o ti rí ọkùnrin tí ìyá rẹ̀ gbádùn ẹ̀, tí ìyàwó rẹ̀ náà tún gbádùn ẹ̀ rí?"

"Mo ti rí i."

"Irọ́ lo pa, kò sí irú ẹ̀ láyé. Àmọ́ ìda mi rí bẹ́ẹ̀. Orí ẹ̀ fẹ́ omi, ìrù ẹ̀ fẹ́ òróró. Tó bá yọ́ dáadáa, á yí ẹ̀kán òróró kọ̀ọ̀kan ká, á ti ìrù bọ inú òróró, á kọ orí sí omi. Òróró ò ní lè kóra jọ mọ́ débi tó máa léfòó."

Ẹ̀gbọ́n mi dá sí i: "Kí òróró àti omi ṣáà gbóná dọ́gba. Tí omi bá tutù, ìda á dì kó tó dẹ́nu iṣẹ́."

Mo gbọ́ o. Mo gbọ́ dáadáa.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n mi nílé ìwé ọmọ rẹ̀. Ogójì ìgò ìpara ni ilé ìwòsàn kan ń retí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó sì fi í sílẹ̀ fún mi. Bọ́ọ̀lù sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí rédíò. Mo yọ́ ìda sínú òróró, ṣùgbọ́n mi ò ní sùúrù fún omi. Inú kẹ́ẹ̀gì ni mo ti dà á lé e lórí ní tútù. Mo ro ó títí. Ó funfun bíi wàrà lóòótọ́, àmọ́ ṣálà-ṣálà ló ń ké. Mo bù ú sínú ìgò, mo gba ìdí rédíò lọ.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, òróró ti léfòó sẹ́nu gbogbo ìgò, omi àti ègé ìda wà nísàlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọ̀kan sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé.

"Ṣó o gbé omi kaná?"

"Mo gbé e kaná."

"Ṣó yí ohùn padà?"

"Ó yí i padà, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó gbà mí gbọ́. Kí ló wá kù bí kò ṣe ìda? Nígbà tí Oníìda wọlé, ẹ̀gbọ́n mi na ìgò sí i.

"Ayédèrú lo tà fún mi."

"Èmi? Ẹni tó ro ó ni kó o bi."

Oníìda wò mí bó ṣe ń sọ ọ́. Mo wo ilẹ̀. Ó gbé àpò rẹ̀, ó jáde, kò sì padà wá mọ́ láéláé. Lọ́dún kejì, mo rìnrìn àjò.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kọ̀wé sí mi lórí fóònù: "Bàbá, Oníìda ń palẹ̀ ẹrù mọ́. Ọmọ wọn tó wà lọ́nà jíjìn ń bọ̀ wá mú wọn lọ́jọ́ Sátidé, ó sì dà bíi pé wọn ò ní padà mọ́. Mo ní kí màámi lọ kí wọn. Màámi ní kí ni àwọn fẹ́ kí lára ẹni tó ta ayédèrú fún àwọn."

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n mi, tí mo ń pa á rẹ́. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ti kọjá ogún dáadáa, òtítọ́ kò sì lé e rárá. Ọ̀dọ̀ mi níbí ló jókòó sí. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo ro tíì mi, mo gbé ṣíbí sílẹ̀, mo fi èyí ránṣẹ́:

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìda Oníìda dára. Omi tútù ni mo dà sí i nítorí bọ́ọ̀lù. Kò yí ohùn padà. Mo gbọ́, mo sì purọ́ fún yín. Ẹ má tíì dá mi lóhùn. Ẹ kọ́kọ́ lọ bá a, kó tó di Sátidé."