Abo Ẹfọ̀n Tó Ń Jẹ́ Mẹ́tàdínlógún

Kúnlé, jẹ́ kí n rọ́ àlá òru àná fún ọ kí n tó gbàgbé ẹ̀. O ṣáà mọ iṣẹ́ wa nínú igbó ìjọba: ká máa ka ẹran lọ́dọọdún, kí wọ́n má baà run tán. Iṣẹ́ ńlá! Abẹ́ igi máńgòrò la ti ń kà wọ́n. A ó wo iye tá a kọ lọ́dún tó kọjá, a ó fi ẹyọ kan lé e.

Lójú àlá, ọ̀gá wa ń pe orúkọ bíi tíṣà. "Ẹfọ̀n kìíní!" Abo ẹfọ̀n kan dìde lórí bẹ́ǹṣì: "Mo wà ńbí, sà." "Ẹfọ̀n kejì!" Òun náà ló tún dìde. Bó ṣe ń dìde nìyẹn títí dé orí ìkẹtàdínlógún, ohùn ẹ̀ ti há.

Ọ̀gá pàtẹ́wọ́: "Wọ́n mà ń pọ̀ sí i o!"

Ẹfọ̀n kọjú sí mi. "Ẹ jọ̀ọ́, nínú gbogbo wa yìí, èwo ni kí n fẹ́?"

Mo ta jí, òógùn bò mí. Mi ò mọ ìtumọ̀ ẹ̀ o. Kí n tó bọ́jú, ọ̀gá ti pè mí: "Ẹfọ̀n mélòó la rí lọ́dún yìí?"

Mo ní, "Méjìdínlógún, sà."